Ta Ló Gba Ẹjọ́, Ta Ló Gba Ẹ̀bi?

Ìròyìn alẹ́ ni mo ń gbọ́ lórí rédíò nígbà tí akaròyìn kan fi gbólóhùn kan ba oúnjẹ jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ní: "Ọ̀daràn tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn náà ti bẹ agbẹjọ́rò lọ́wẹ̀ kí ó lè gbà á sílẹ̀." Ohùn rẹ̀ dùn, kò kólòlò, kò sì fi àmì ohùn kan ṣeré. Ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn náà kò pọ̀, ohun tó wọ́ nínú rẹ̀ ló pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú "ọ̀daràn" kúrò lọ́nà. Ẹni tó dá ọ̀ràn là ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ti dá a, ó ti tán. Bí ẹ bá ti pe èèyàn ní ọ̀daràn, kí ni adájọ́ tún jókòó ń ṣe? Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 36, kà á sí aláìjẹ̀bi títí wọn yóò fi fìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Akaròyìn wa kò ní sùúrù fún ìyẹn. Nígbà tó bá dé iwájú adájọ́, olùjẹ́jọ́ lorúkọ rẹ̀, orúkọ tó sì dára ni, nítorí ó bá èkejì rẹ̀ mu: olùpẹjọ́ pe ẹjọ́, olùjẹ́jọ́ jẹ́ ẹ. Pípè àti jíjẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n pe èèyàn lórúkọ lójúde, ó dáhùn. Ẹni tó jẹ́ ìpè kò tíì sọ pé òun jẹ gbèsè.

Kó tó dé kóòtù ńkọ́? Afurasí ni wọ́n ń pè é báyìí, ọ̀rọ̀ yìí náà sì ti bá mi jà rí. "A" tó bẹ̀rẹ̀ apẹja, akọrin àti apàṣẹ, ẹni tó ń ṣe nǹkan náà ló ń tọ́ka sí. Bí a bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀, afurasí ni ẹni tó ń fura sí ẹlòmíràn, ìyẹn ni pé ọlọ́pàá gan-an ni afurasí! Ohun tó yẹ ká máa wí ni "ẹni àfurasí", pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń wí ẹni àyànfẹ́ àti ọmọ àgbàtọ́. Mo ti pariwo rẹ̀ títí. Ta ló gbọ́? Gbogbo ìwé ìròyìn, gbogbo rédíò, afurasí ni. Ó ti borí, mo sì ti yọwọ́. Kí ohùn kan ṣìnà sàn ju kí a máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀daràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Bẹ agbẹjọ́rò lọ́wẹ̀" wá ńkọ́? Ọ̀wẹ̀ tí àwọn bàbá wa mọ̀, o ní oko tí o fẹ́ ro tàbí ilé tí o fẹ́ mọ, o bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ, wọ́n wá, wọ́n ṣe é, o fi iyán àti ẹmu tọ́jú wọn, ó di ọjọ́ tí ti àwọn náà bá kàn. Kò sówó níbẹ̀. Ẹ dárúkọ lọ́yà kan fún mi tí ẹ fi iyán ránṣẹ́ sí, tó sì tìtorí ìyẹn wọ kóòtù. Àwọn tó ń sọ pé àwọn "háyà lọ́yà" tún gbé tiwọn dé. Àga, kánópì àti ìkòkò ìdáná là ń háyà. Bí òde bá ti tú, a dá wọn padà.

Ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ wà lẹ́nu ará ọjà tẹ́lẹ̀. "Mo ti gba lọ́yà," ni wọ́n ń wí. Lọ́yà náà á dáhùn pé òun ti gba ẹjọ́ náà. Ìwọ gbà á, òun náà gbà á. Inú gbígbà yìí ni gbogbo ìtàn agbẹjọ́rò wà, òun sì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lépa lónìí.

Ẹni tó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́, tó wá bá a rò ó, òun ni agbẹjọ́rò. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ pọ̀. Agbẹnusọ gba ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, alágbàtọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, alágbàwí ń báni gba ọ̀rọ̀ wí. Agbódegbà tó ń bá olè gba ẹrù pamọ́ wà nínú ẹbí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í pè é sí ìpàdé. Àwọn kan wà tó ń kọ ọ́ ní "agbẹ́jọ́rò", wọ́n á gbé ohùn òkè lé gbẹ́, bí ẹni pé gbígbọ́ ẹjọ́ ló ti wá. Adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, tiẹ̀ ni ìyẹn. Ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbé lọ́yà sórí àga adájọ́.

Rírò ibẹ̀ tún wá jinlẹ̀ ju gbígbà lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà la fi ń ro nǹkan nínú tí a sì fi ń ro ẹjọ́ síta. "Rò ó wò" ni a ń wí fún ẹni tí a fẹ́ kó fi ọkàn gbé e. "Rò ó fún mi" ni a ń wí fún ẹni tí a fẹ́ kó sọ ọ́ láti orí dé ìdí. Àwọn tó dá èdè yìí sílẹ̀ kò ya èrò kúrò lára àròyé: ohun tí o kò tíì rò nínú, kí lo fẹ́ rò síta? Mo ti rí lọ́yà tó dìde níwájú adájọ́ tó ń ṣí fáìlì ẹlẹ́jọ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ń fi ìka wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn. Ìyẹn gba ẹjọ́ lóòótọ́. Kò rò ó.

Ní ààfin àtijọ́, kò sí agbẹjọ́rò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́, lórí ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀. Olùpẹjọ́ sọ tirẹ̀, olùjẹ́jọ́ sọ tirẹ̀, nítorí àgbà òṣìkà ni agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ lọ́rùn lè sá tọ baba ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n baba ìsàlẹ̀ kì í rojọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Ó ní ẹ wojú mi, ẹ tìtorí tèmi fojú fò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyàtọ̀ ẹ̀bẹ̀ àti ẹjọ́ yìí, mo ṣì ń bọ̀ wá lò ó.

Òyìnbó ló mú un dé pé kí ẹlòmíràn dìde rojọ́ fún ẹni tó wà láàyè, tí ẹnu rẹ̀ kò sì yadi. Nígbà tí wọ́n gbé kóòtù ńlá kalẹ̀ ní Èkó ní 1876, lọ́yà tó kọ́ṣẹ́ kò tó nǹkan, ni wọ́n bá fún adájọ́ àgbà láṣẹ pé kí ó máa mú àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì mọ òfin díẹ̀, kí ó fún wọn ní ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti máa gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò. Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sàró ní 1855, ni ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tó gba oyè lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1879. Ní 1888 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Ó di 1933 kí Stella Thomas tó di obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè lọ́yà.

Ìjọba òyìnbó tó mú iṣẹ́ náà dé kò sì fẹ́ràn rẹ̀ níbi gbogbo. Nígbà tí Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, tún kóòtù tò ní 1914, ó ti lọ́yà mọ́ta ní àwọn kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìgbèríko, ó sì di 1933 kí wọ́n tó tú ètò náà ká. Fún nǹkan bí ogún ọdún, ẹjọ́ ikú lè wọ èèyàn lọ́rùn nínú ìgbèríko, kí wọ́n sì ní kí òun nìkan máa rò ó, ní iwájú òyìnbó tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń wí pé lọ́yà ló ba kóòtù jẹ́, ẹ bi í léèrè bí kóòtù ṣe rí nígbà tí kò sí wọn.

Ọ̀rọ̀ "gbígbà" yìí náà ló dé ọ̀dọ̀ Awólọ́wọ̀ ní 1962, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn án. Ìwé òfin ìgbà náà ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn gba lọ́yà tó wù ú. E.F.N. Gratiaen, lọ́yà ńlá láti Lọ́ńdọ̀nù, ló wu Awólọ́wọ̀. Ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí ọkùnrin náà wọ ilẹ̀ yìí. Awólọ́wọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, kóòtù sì dáhùn pé lọ́yà tó wuni gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè wọlé wá láìsí ìdíwọ́ òfin. O lè gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó di ilẹ̀kùn mú gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú rẹ.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, èyí tó jáde lódindi ní 1884, ní ọ̀nà tiwọn. Nínú ìwé Jòhánù Kìn-ín-ní, alágbàwí ni wọ́n pe Jésù. Nínú ìhìnrere Jòhánù, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni wọ́n sọ di Olùtùnú. Ẹni tí a pè wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹni ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà n kò bá wọn jà: ẹ bi ẹni tó ti sùn ní àtìmọ́lé rí bóyá lọ́yà tó wọlé ní òwúrọ̀ kì í ṣe olùtùnú. Amòfin nìkan ni kò rí ojúrere gbà. Nínú Lúùkù, amòfin ló dìde láti dán Olúwa wò. Lónìí, Amòfin ti di oyè tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú orúkọ lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ náà ti jàre.

Orí pẹpẹ ìwàásù ni ìdàrúdàpọ̀ tó kù ti wá. Oníwàásù kan ní, "Lọ́yà mi kì í fìdí rẹmi, ó ti gba ẹ̀bi mi rù!" Ìjọ hó. Nípa ti Jésù, n kò ní ẹnu láti tako ó. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e lé lọ́yà tó wà ní kóòtù Ìkẹjà àti ti Ìyágankú lórí. Agbẹ̀bí ni obìnrin tó ń gba ọmọ tuntun nígbà ìbímọ. Ẹ sọ ohùn òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó di agbẹ̀bi, ẹni tó ń gba ẹ̀bi. Ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé lọ́yà jẹ́ nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń bi í nìyẹn pé, "Ẹ̀rí ọkàn kì í dà ọ́ láàmú ni, tí o ń gbèjà olè?" Kò gba ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ ló gbà. Òfin iṣẹ́ wọn ní kí lọ́yà tó bá ti gba ẹjọ́ olùjẹ́jọ́ sapá fún un lọ́nà tó mọ́, ohun yòówù kó rò nípa ẹ̀bi rẹ̀. Bí ẹ̀bi bá wà, adájọ́ ni yóò dá a, orí ẹni tó jẹ ẹ́ ni yóò sì dúró sí.

"Kí ó lè gbà á sílẹ̀" tí akaròyìn wa fi parí gbólóhùn rẹ̀, inú àgbọ̀n kan náà ló ti mú un. Nínú ẹjọ́ ọ̀ràn, òfin iṣẹ́ lọ́yà kò fàyè gba àdéhùn pé bí mo bá gbà ọ́ sílẹ̀ ni o ó tó sanwó fún mi. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ti gbèsè ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti lè wáyé. Nítorí náà, ẹni tó bá pàdé rẹ lẹ́nu géètì kóòtù, tó ní, "Fọkàn balẹ̀, adájọ́ yẹn, èèyàn mi ni, ọ̀la lo máa sùn sílé," kì í ṣe agbẹjọ́rò lo ń bá sọ̀rọ̀. Baba ìsàlẹ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ ló ń tà, ó sì lè máà ní ẹni tó máa bẹ̀.

Ẹlòmíràn tún wà tó ń wá gbígbà tirẹ̀: ọlọ́pàá. Ó fẹ́ kí o gbà. "Ó ti gbà" ni wọ́n máa ń kà fún àwọn oníròyìn níwájú kámẹ́rà, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwọ bàtà. Ibí yìí gan-an ni agbẹjọ́rò ti wúlò jù lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn kì í tíì ronú kàn án. Wọ́n rò pé kóòtù ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Abala 35 ìwé òfin ní ẹni tí wọ́n mú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn bá sọ̀rọ̀. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀ràn ti 2015 tún fi kún un pé ó lè ní kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì lè fi fídíò ká a.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ iṣẹ́ ni, ẹrù sọnù ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, wọ́n mú un lọ sí téṣàn. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà yọ bébà jáde, ó ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tó wà lókè rẹ̀ ní kíákíá, ó ní ṣé o gbọ́? Ọmọ náà ní òun gbọ́ sà. Àkọlé yẹn ló ń sọ fún un pé kò pọn dandan kó sọ nǹkan kan, pé ohun tó bá sọ, wọ́n lè gbé e dé iwájú adájọ́. Kò gbọ́ ọ. Ó sì la ẹnu, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, iṣẹ́ èṣù ni."

Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń wí: ohun burúkú ló gbé òun dé ibí. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà ń wí pé iṣẹ́ èṣù ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń fi kọ sítétímẹ́ǹtì, nígbà tó bá sì dé orí bébà, ó ti di pé èṣù ló ti òun débẹ̀ tí òun fi jí i. Ó tún ní "ẹ dárí jì mí". Ìyẹn náà wọlé. Ó ní "ẹ bá mi bẹ ọ̀gá mi". Ẹ̀rí kẹta nìyẹn. Àwa tí a ń kí ẹni tó kọsẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ nígbà tí a kò tì í, tí a ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà kí àgbà tó sọ ohun tí a ṣe, ọmọlúàbí wa ni wọ́n fi ń dè wá. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òrofó tó wí èyí kò fọ́nnu rárá. Ìkíni lásán ló ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó fọwọ́ sí i.

Bó bá dé kóòtù, èdè tún ń dúró dè é. Wọ́n ka ẹ̀sùn, ògbufọ̀ yíjú sí i: "Ṣé o jẹ̀bi tàbí o kò jẹ̀bi?" Nílé wa, "mo jẹ̀bi, ẹ má bínú" ni ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń parí ìjà, kódà bí àgbà ló ṣẹ̀ ẹ́. Amẹ̀jọ́-mọ̀-lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n á ní kó dìde, ó parí. Ní kóòtù, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Bó bá ti ní òun jẹ̀bi, adájọ́ lè kọjá sí orí ìdájọ́ láìgbọ́ ẹlẹ́rìí kankan. Ẹjọ́ tó lè já sí ikú nìkan ni òfin 2015 ti ní kí wọ́n kọ "kò jẹ̀bi" sílẹ̀ fún un, ohun yòówù kó wí. Ẹjọ́ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọgbọ́n kan tún máa ń dáhùn pé, "Mo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo ní àlàyé." Yorùbá tó dán ni. Òfin kò mọ̀ ọ́n. Bí àlàyé bá wà, àfàìmọ̀ ni kí ó má jẹ́ pé "n kò jẹ̀bi" ló yẹ kó sọ, lọ́yà tó dúró tì í ni yóò sì sọ fún un kó tó la ẹnu. Ògbufọ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni. Abala 36 ló wí bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹni tí kò lówó lè wá Legal Aid Council lọ. Láti 1976 ni ìjọba ti dá a sílẹ̀, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní Èkó, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ kan tún wà, Office of the Public Defender, tó ń ṣe irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́yà tí wọ́n ń pè ní charge-and-bail, tí wọ́n máa ń rìn kiri ọgbà kóòtù májísíréètì láàárọ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Àwọn kan nínú wọn mọ ẹjọ́ ọ̀ràn ju àwọn tó wà ní ọ́fíìsì olójú dígí lọ. Ẹ ṣáà béèrè rìsíìtì, kí ẹ sì mọ̀ pé lọ́tọ̀ ni onídùúró, lọ́tọ̀ ni agbẹjọ́rò. Onídùúró ń gba ara rẹ jáde ní àtìmọ́lé, ẹjọ́ ṣì wà ńlẹ̀.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé láti òkè ni mo ti ń wí lọ́yà, lọ́yà. Mo mọ̀. Agbẹjọ́rò ti di ọ̀rọ̀ akaròyìn àti ti ògbufọ̀ kóòtù. Ìyá tí wọ́n pè lóru pé ọmọ rẹ̀ wà ní téṣàn kò ní ké pé "ẹ bá mi wá agbẹjọ́rò". Ọ̀rọ̀ náà gùn jù fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. "Ẹ bá mi pe lọ́yà!" ni yóò ké. Èmi náà, bí wọ́n bá tì mí mọ́lé lálẹ́ òní, lọ́yà ni n ó pè, n kò sì ní bi í bó ṣe ń kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán títí wọn yóò fi gba ìdúró mi.